Orí Kẹsàn-án: Máàpù Èrò lórí Kọ̀ǹpútà nínú Iyàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti ṣàkíyèsí pé ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ẹ bi ọmọ ọdún méjìlá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè ohun tí ó ń fa ibà, kíákíá ni yóò dáhùn pé ẹ̀fọn ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra bi í síwájú sí i, tí ẹ ní kí ó ṣàlàyé bí ẹ̀fọn ti ń ṣe é, àti ohun tí oòrùn tí ìyá rẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún un pé kí ó yé rìn nínú rẹ̀ ń wá nínú ọ̀ràn náà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ìmọ̀ méjì ni ó ń gbé inú ọmọ náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀: ti ilé ìwé, èyí tí ó ń kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, àti ti ilé, èyí tí ó gbà gbọ́.

Olùkọ́ kì í ṣe babaláwo tí yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú akẹ́kọ̀ọ́. Ó nílò ọ̀nà kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi tú inú rẹ̀ síta, kí ojú olùkọ́, ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ojú òun alára lè tó o. Ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú orí yìí, èyíinì ni máàpù èrò, pàápàá bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, yà á nínú kíláàsì.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Ní Yunifásítì Cornell, ní ìlú Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Novak àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ti tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọdé kan láti kíláàsì kìn-ín-ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n lè mọ bí òye sáyẹ́ǹsì ti ń dàgbà nínú ọmọ ènìyàn. Ọmọ 191 ni wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ 28 tí a gbà sórí téèpù, ní kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì. Àwọn ọmọ 48 mìíràn kò gba ẹ̀kọ́ náà, kí a lè fi tọ̀tún wé tòsì. Wọn a máa pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, wọn a bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọn a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì tẹ gbogbo ohun tí ó wí sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé pọ̀ gègèrè lórí tábìlì, tí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo ń gba ojú ewé 15 sí 20, ó di ohun tí ó ṣòro láti rí ibi gan-an tí òye ọmọ náà ti yí padà láti ọdún kan sí èkejì. Ní 1972 ni wọ́n wá ronú kan ọgbọ́n yìí, pé kí wọ́n ṣa àwọn èrò pàtàkì inú ọ̀rọ̀ ọmọ náà jọ, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kí wọ́n fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, kí wọ́n sì kọ ohun tí ọmọ náà sọ pé ó so wọ́n pọ̀ sí orí ìlà ọ̀hún. Báyìí ni ogún ojú ewé di ojú ewé kan. Nígbà tí ọdún 12 sì pé, ó hàn gbangba pé àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ní kékeré ṣì ta àwọn ìyókù yọ: òye wọn tọ̀nà jù, àṣìmọ̀ wọn sì kéré. Novak àti Dismas Musonda tẹ àbájáde náà jáde ní 1991.

Orí ẹ̀kọ́ David Ausubel ni gbogbo èyí dúró lé. Nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1963 àti 1968 ni onímọ̀ yìí ti là á yé wa pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe kókó jù lọ nínú ohun tí yóò lè mọ̀ ní ọ̀la, àti pé ìmọ̀ tuntun tí kò bá rí ìmọ̀ àtijọ́ dì mú, àkọ́sórí lásán ni yóò jẹ́, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a kò fi okùn sin, tí yóò fọ́n ká ní kété tí ìdánwò bá ti parí. Ọ̀nà tí a ó fi wádìí ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó kù, òun náà sì ni iṣẹ́ ìwádìí ti Ithaca fi lé wa lọ́wọ́.

Ohun tí ń bẹ nínú máàpù èrò

Ìbéèrè ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìbéèrè kan pàtó tí ó fẹ́ kí máàpù òun dáhùn yóò máa kó ohun gbogbo tí ó bá ti wá sí i lọ́kàn jọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nídìí. Lẹ́yìn ìbéèrè ni àwọn èrò, tí a ń kọ ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sínú àpótí: *ẹ̀fọn*, *omi adágún*, *ẹ̀jẹ̀*. Èyí tí ó gbòòrò jù lọ ni a ń fi sí òkè pátápátá, kí àwọn tí ó kéré sí i tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí àpẹẹrẹ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìlà ni ó ń lọ láti èrò kan sí èkejì, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ a sì jókòó sórí ìlà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí èrò méjì àti ọ̀rọ̀ àárín wọn yóò fi di gbólóhùn kan tí a lè kà sókè: *abo ẹ̀fọn — ń mu — ẹ̀jẹ̀ ènìyàn*.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ orí ìlà ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Àpótí kò lè purọ́, kò sì lè sọ òótọ́, nítorí orúkọ lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn ni a lè sọ pé ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, kò sì sí gbólóhùn níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń ya máàpù èrò sọ́tọ̀ kúrò lára irú àwòrán tí Tony Buzan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di olókìkí, èyí tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kan sí àárín tí ẹ̀ka sì ń yọ lára rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Àwòrán Buzan dára fún ẹni tí ó fẹ́ rántí nǹkan tàbí tí ó fẹ́ to ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti fi dandan béèrè pé kí a sọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń wí, ọmọ tí nǹkan kò yé lè yà á kí ó lẹ́wà ju ti ẹni tí ó yé lọ.

Ìlà kan tún kù tí a kò gbọdọ̀ fojú rénà, ìlà àkọjá, èyí tí ó ń kọjá láti apá kan máàpù lọ sí apá kejì tí ó jìnnà sí i. Ọmọ tí ó bá fa irú ìlà bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fi sórí rẹ̀, ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé tí ó kà.

Ẹ̀kọ́ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ètò kọ̀ǹpútà tí a lè fi ṣe iṣẹ́ yìí kò lóǹkà. Mélòó ni a ó kà nínú eyín Adépèlé? CmapTools ni a ó lò níhìn-ín, èyí tí Alberto Cañas àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwádìí IHMC ní Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í sanwó kí ó tó gbà á, àti nítorí pé nígbà tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, a lè máa yàwòrán lọ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ká ní kíláàsì JSS 2 ni olùkọ́ wà, tí ìbéèrè ọjọ́ náà sì jẹ́: báwo ni ibà ṣe ń dé ara ènìyàn? Kí olùkọ́ má tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Kí ó kọ àwọn èrò mélòó kan sí ojú pátákó, irú bí *ibà*, *ẹ̀fọn*, *abo ẹ̀fọn*, *Anopheles*, *Plasmodium*, *omi adágún*, *òjò*, *tanwíjí*, *ẹ̀jẹ̀*, *nẹ́ẹ̀tì*, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi *oòrùn* kún un. Kí ó pín àwọn ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta sí ìdí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, àríyànjiyàn tí ó bá sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọmọ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà lórí ìlà kan ni ẹ̀kọ́ náà gan-an.

Bí ọmọ bá tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá sí ibi tí ó mọ́ lójú kọ̀ǹpútà, àpótí kan yóò yọ pẹ̀lú àmì ìbéèrè nínú rẹ̀, ọmọ náà a sì tẹ èrò rẹ̀ sí i. Bí ó bá wá di ọfà tí ó wà lórí àpótí náà mú, tí ó fà á lọ bá àpótí mìíràn, kì í ṣe ìlà nìkan ni yóò rí: àmì ìbéèrè mìíràn yóò tún là sí àárín ìlà náà, níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi wá nǹkan wí. Ohun kékeré yìí ni mo fi fẹ́ràn ètò náà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ lè gbàgbé láti béèrè pé, “Kí ni ìlà yìí ń wí?” Ètò náà kì í gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ kan kọ *oòrùn — ń fa — ibà*. Èyí kò yani lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà pẹ̀lú ìkìlọ̀ náà. Olùkọ́ tí kò ní sùúrù yóò na ọwọ́ sí máòsì, yóò sì pa á rẹ́, ọmọ yóò dákẹ́, ohun tí ó gbà gbọ́ yóò sì padà sínú rẹ̀ lọ sá pamọ́ títí ayé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí olùkọ́ fi gbólóhùn náà sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó béèrè pé, bí ó bá jẹ́ oòrùn ni, kí ló dé tí ibà fi ń pọ̀ ní àkókò òjò, nígbà tí ojú ọjọ́ ń ṣú dùdù? Kí ló dé tí ibà fi ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń ta yanranyanran láti àárọ̀ dé alẹ́? Àwọn ọmọ yóò wo máàpù wọn, wọn yóò rí i pé *òjò* ti wà níbẹ̀, pé òjò ń di omi adágún, pé inú omi adágún ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, tí ẹyin ń pa di tanwíjí, tí tanwíjí ń dàgbà di ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè ṣí ìdí ìlà oòrùn kúrò lára ibà, kí ó fà á gba àárín máàpù kọjá, kí ó sì kọ ọ́ pé *oòrùn — ń gbẹ — omi adágún*. Ẹ wo bí ìmọ̀ ilé ti rí àyè tirẹ̀ láàrin ìmọ̀ ilé ìwé láìsí ẹni tí a dójú tì! Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún fẹ́ kọ ọ́ pé oòrùn ń fa orí fífọ́, òótọ́ ni ó wí, ìyá rẹ̀ kò sì purọ́ fún un.

Ibẹ̀ náà ni a ó ti máa yẹ ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. *Ẹ̀fọn — ń fa — ibà* kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó fo àwọn ohun tí ó yẹ kí ó mẹ́nu bà. Akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀, omi adùn inú òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀. Abo, olóhùn pẹ́lẹ́ tí ń kọrin létí ẹni lóru, ni ó ń wá ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹyin tí ó fẹ́ yé. Kì í sì í ṣe gbogbo abo ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, irú ti Anopheles ni. Òun náà kò sì ní ibà kankan láti fúnni bí Plasmodium kò bá ti kọ́kọ́ wọ ara rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Nínú itọ́ rẹ̀ ni Plasmodium ti ń bọ́ sí ara wa, tí ó ń gba ẹ̀dọ̀ lọ kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá yí *ń fa* padà sí *ń gbé*, tí ó sì fi *Plasmodium* sí àárín ẹ̀fọn àti ibà, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó yí padà lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó yí padà nínú rẹ̀ kò kéré bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà fi kún un

Ẹnìkan lè béèrè ohun tí ó ṣe tí a kò fi lo ìwé àti pẹ́ńsù. A lè lò ó, àwọn tí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò nílẹ̀ wa kò dúró de kọ̀ǹpútà. Ní 1990, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n bí ojú ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, Olúgbémiró Jẹ́gẹ́dẹ́, Fọláṣadé Alaiyemola àti Peter Òkèbùkọ́lá gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi máàpù èrò wé ọ̀nà ìkọ́ni àtijọ́ lórí ẹ̀kọ́ bàólójì ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi máàpù kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀rù ẹ̀kọ́ náà sì dín kù lára wọn. Òkèbùkọ́lá, tí ó ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bọ́ sí ipò Akọ̀wé Àgbà Àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún kan náà lórí bí ọ̀nà yìí ti ń mú kí àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa ń sá fún, irú ẹ̀kọ́ àjogúnbá, yé wọn.

Àtúnṣe ni kọ̀ǹpútà mú rọrùn. Lórí ìwé, ọmọ tí ó bá rí i pé òun ti fi èrò kan sí ibi tí kò yẹ ní láti pa ìlà mẹ́fà rẹ́ kí ó tó gbé e kúrò, nítorí náà yóò fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ti mọ̀ pé àṣìṣe ni. Lójú kọ̀ǹpútà, bí ó bá ti fa àpótí náà, gbogbo ìlà rẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un. Kí olùkọ́ sì rí i pé a fi máàpù ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní pamọ́ lọ́tọ̀, kí a má ṣe fi ti ìparí tẹ́ẹ̀mù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí inú ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni yóò ti mọ bí òun ti kọ́ni tó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí yóò máa rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kọ̀ǹpútà wo, iná wo? Òótọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ wà tí yàrá kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣí àfi ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí àwọn ọmọ gé káàdì bọ́ọ̀dù sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n kọ èrò sí i, kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, kí wọ́n jà á títí wọn yóò fi fẹnu kò, kí ó tó di pé iná dé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà. Orílẹ̀-èdè Panama, tí kò tóbi tó tiwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2004 láti gbé CmapTools wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, 1,000 ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì fojú sùn. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè jọ láti kọ́ níṣẹ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti èdè, kò sí ohun tí ó ní kí máàpù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ kì í rẹ̀yìn. Kí ọmọ fi Yorùbá ya ti àkọ́kọ́, níbi tí yóò ti lè sọ ohun tí ó gbà gbọ́ láìkólòlò, kí ó tó yí i sí èdè tí yóò fi ṣe ìdánwò.

Àwọn àléébù, àti bí a ti ń fún un ní máàkì

Ọmọ mìíràn yóò ti gbólóhùn odidi bọ inú àpótí. Òmíràn yóò to èrò rẹ̀ bí ìlà kan tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà láìní ẹ̀ka. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòro í tún ṣe. Èyí tí ó burú ni kí olùkọ́ ya máàpù tirẹ̀ kí ó lẹ́wà, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ dà á kọ, nítorí a ti padà sí àkọ́sórí nìyẹn, pẹ̀lú àpótí aláwọ̀ yíká rẹ̀. Olùkọ́ lè fi èrò mẹ́rin tàbí márùn-ún lélẹ̀ fún wọn láti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀kọ́ náà bá le. Kí ó dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nínú ìwé tí Novak àti Bob Gowin kọ ní 1984, wọ́n dábàá pé kí a fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ó tọ̀nà ní máàkì 1, ìpele kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní 5, àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní 1, ìlà àkọjá tí ó bá fi òye tòótọ́ hàn ní 10. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlà àkọjá kan ṣoṣo tó gbólóhùn mẹ́wàá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Síbẹ̀ n kò ní gbà yín níyànjú láti máa fi ẹ̀kọ́ gbogbo sọ́wọ́ òǹkà báyìí, nítorí ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé ìlà ń so máàkì yóò máa fa ìlà ni.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan tí ẹ máa kọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ nígbà ìdánrawò ìkọ́ni yín, ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ̀kọ́ náà ń dáhùn, kí ẹ sì ya máàpù rẹ̀ láìwo ìwé, kí èrò inú rẹ̀ má dín ní 15, kí ìlà àkọjá méjì ó kéré tán sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín kan kí ó ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè. Èyíkéyìí tí kò bá ṣe é kà, ẹ tún ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó kọ́ àwọn ọmọ ní ohunkóhun, ẹ ní kí àwọn náà ya tiwọn, kí ẹ sì kọ gbogbo àṣìmọ̀ tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ náà fi sọ ọ́. Àkọsílẹ̀ yìí ni kí ẹ mú wá sí kíláàsì, kì í ṣe máàpù yín.